Fọ́ọ̀mù tí kò gba orúkọ mi: Sátidé mẹ́rin lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìlò kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo

Kí olùkọ́ tó la ẹnu rárá ni inú ti bí mi. Ìṣẹ́jú 47 ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítòsí Ọlá-Ìyá, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo wá kọ́ níbẹ̀ gan-an ni bí a ṣe ń fi àwòṣe díwọ̀n ọ̀nà tí ènìyàn yóò gbà lo ètò kọ̀ǹpútà kí a tó kọ ètò náà. Èmi ni mo ń tọ́jú ètò ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Mo fẹ́ kí ó rọrùn fún àwọn ìyá tó ń lò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi san ₦45,000 fún Sátidé mẹ́rin.

Àyè 14 ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Orúkọ mi ní ọ àti ṣ nínú, mo sì kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ kí a kọ ọ́. Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ìlà pupa kan yọ lókè pé ohun tí mo kọ kò tọ̀nà, kò sọ èwo ni kò tọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì pa rẹ́, títí kan fọ́tò mi. Mo rò pé nọ́ńbà fóònù ni, mo tún un kọ; ó tún pa rẹ́. Mo rò pé ọjọ́ ìbí ni. Ó tún pa rẹ́. Nígbà kẹrin, kí n tó tẹ bọ́tìnì, mo pe ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì. Ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó sì nàka sí orúkọ mi: "Ẹ má bínú, mà, ẹ yọ àmì yẹn kúrò. Kò mọ̀ ọ́n." Mo ní, "Ọmọ mi, orúkọ mi nìyẹn." Ó ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo yọ ọ́, fọ́ọ̀mù gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì tún dùn mí ju kíkọ̀ tó ń kọ̀ ọ́ lọ, nítorí nínú ìlú tí ṣ wà nínú orúkọ tirẹ̀ ni èyí ti ṣẹlẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí yàrá ẹ̀kọ́: àga dára, iná kò lọ. Olùkọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Sátidé kejì, ó kọ́ wa ní àwòṣe tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Card, Moran àti Newell, gbé jáde ní 1980, èyí tó ń ka ìṣe olùlò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: títẹ lẹ́tà kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.28 fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá níwọ̀nba, gbígbé máọ̀sì lọ síbi tí a fẹ́ jẹ́ 1.1, ríronú kí a tó ṣe nǹkan jẹ́ 1.35. Mo nawọ́, mo sọ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù náà. Mo rò pé yóò gbèjà àwọn ọ̀gá rẹ̀, àmọ́ ṣe ló ya fọ́ọ̀mù náà sójú pátákó, ó ní kí a kà á. Títẹ 120 jẹ́ 33.6, ríronú lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá jẹ́ 18.9, àpapọ̀ rẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 52.5. Ó yíjú sí mi: "Aǹtí, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ lò?" Mo ní 47. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ìgbà yẹn ló ṣàlàyé pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, tí kò sì ní ṣàṣìṣe, ni àwòṣe yẹn ń díwọ̀n. Pé fún ẹni tí ọ̀nà dí mọ́, ìpele méje tí Donald Norman, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń lo ohun èlò, là sílẹ̀, láti orí ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe dé orí yíyẹ àbájáde rẹ̀ wò, ni ká mú, ká wò ó bóyá olùlò rí ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe, bóyá ó yé e, bóyá ó sì mọ̀ bí ohun tí òun fẹ́ ti rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ìlà pupa yẹn ni mo há sí. Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí ètò alájẹṣẹ́kù wa, mo kọ iye owó tí kò tọ́ sí i, irú ìlà kan náà ni mo bá níbẹ̀, èyí tí èmi fúnra mi kọ. Ìyá kan ti sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ètò náà ń lé òun. Kò yé mi. Mi ò sùn kí n tó tún un ṣe.

Síbẹ̀, ní Sátidé kẹrin, ìwé ẹ̀rí mi jáde láìsí àmì kankan. Ọmọbìnrin yẹn ló gbé e fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti pe ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù náà lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì dáhùn. Ojú mi wá lọ sára ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn tó wá sí kíláàsì: bíírò ló fi kọ tèmi, àmì abẹ́ ọ àti ti ṣ pé síbẹ̀, Sátidé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mi ò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kọ́ ènìyàn tó olùkọ́ yẹn, mo sì ti san owó àbúrò mi fún kíláàsì tó ń bọ̀. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí fọ́ọ̀mù náà yóò fi gba ṣ.