Káàdì Bàbá Mi àti Oríire Teela Brown: Àgbéyẹ̀wò Ilé Ìtàwé Kan àti Ìwé Mẹ́rin Tí Mo Jẹ Níbẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi dúró níwájú kántà ilé ìtàwé kan ní Ìbàdàn, tí èmi àti ọ̀gá ibẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́ ara wa lọ́wọ́: ṣé ènìyàn lè jogún oríire? N kò ní dárúkọ ilé ìtàwé náà, nítorí pé mo ṣì ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì mọ ojú mi dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ètò oníbàárà ọlọ́dọọdún wọn, àti ẹ̀bùn tí ó ti inú rẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìyẹn Ringworld, ìwé ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí Larry Niven ará Amẹ́ríkà kọ, àti mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti lọ́ mọ́ ara wọn débi pé n kò lè tú wọn sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Ètò náà fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Ẹ ó san owó ọdún, wọn á fún yín ní káàdì tó ní nọ́ńbà, ẹ ó máa ra ìwé àlòkù ní ẹ̀dínwó, nígbà tí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta bá sì pé, wọn á fa nọ́ńbà kan jáde láti inú garawa ọ̀dà tí wọ́n ti fọ̀. Bàbá mi ló ni káàdì tí mo ń lò. Nígbà ayé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni garawa yẹn dárúkọ wọn: wọ́n jẹ ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan, wọ́n jẹ agboòrùn kan, wọ́n sì jẹ kàlẹ́ńdà kan tí wọn kò rí gbà títí oṣù karùn-ún ọdún náà fi dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti papò dà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi ni mo ń san owó náà ní orúkọ wọn. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀, ọwọ́ mi ni kò gbà á láti fagi lé orúkọ bàbá mi.

Rẹ́jísítà kíláàsì ni mo lọ rà lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Ọmọkùnrin tó wà ní kántà wo nọ́ńbà káàdì mi, ó tún un wò, ó sì figbe ta: "Àǹtí, ẹ̀yin la ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!" Ó fa ìwé àjákọ kan yọ, ó fi hàn mí níbi tí wọ́n ti fi báírò pupa kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n pè, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. "Kò lọ." "Kò lọ." "Kò lọ." Níwájú ìpè kẹsàn-án ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ẹni tó gbé e ní òun kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni." Nọ́ńbà fóònù bàbá mi ni wọ́n ń pè, tí ilé iṣẹ́ fóònù ti fún ẹlòmíràn tipẹ́. Ọmọ náà gbé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kántà, tí wọ́n fi rọ́bà dè pọ̀, inú mi sì dùn bí ọmọdé.

Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe jáde láti ẹ̀yìn nìyẹn. Ó ka orúkọ tó wà lórí káàdì, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹni tó ni káàdì yìí ńkọ́, mà?" Mo ní bàbá mi ni, pé wọ́n ti di olóògbé. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó sì kí mi tọkàntọkàn, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kí mi ni ọwọ́ rẹ̀ ń fa àwọn ìwé náà padà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi wọ abẹ́ kántà. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, mà. Oríire kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń jogún."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi. Mo tú báàgì mi, mo tẹ́ rìsíìtì ọdún mẹ́ta sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìka tọ́ ka ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti buwọ́ lu gbogbo wọn. Mo ní, "Ẹ gba owó lọ́wọ́ òkú fún ọdún mẹ́ta, ẹ kò wá lè fún òkú ní ẹ̀bùn?" Ó ní owó náà wà fún ẹ̀dínwó, ẹ̀dínwó ni mo sì ti ń jẹ. Àwọn oníbàárà méjì tó wà lẹ́yìn mi fi ọjà wọn sílẹ̀, wọ́n dúró wòran. Mo ti pinnu nínú ọkàn mi pé bí mo bá délé, n ó kọ ọ̀rọ̀ tí yóò ta wọ́n lára síbi tí gbogbo ayé á ti kà á.

Ọmọkùnrin yẹn ló dá sí i. Ó rọra sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, ohun tó wà nínú ìwé yẹn gan-an lẹ ń jà lé lórí yìí o." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Nínú ìtàn náà, ayé kún débi pé ìjọba fi òfin de ọmọ bíbí, wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ lórí àfikún àyè tó bá ṣẹ́ kù: ẹni tó bá jẹ ẹ́ nìkan ló lè bí ọmọ kan sí i. Teela Brown, ọmọ ogún ọdún, jẹ́ ọmọ àwọn tó jẹ tẹ́tẹ́ náà láti ìran dé ìran. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìrora, kò sì sí ẹni tó já a kulẹ̀ rí. Àwọn ẹ̀dá olórí méjì kan tí wọ́n ń pè ní Puppeteer, tí ojo jẹ́ ọgbọ́n lójú wọn, ló ti fọwọ́ kọ̀rọ̀ dá sí òfin ayé kí tẹ́tẹ́ náà lè wà, nítorí pé wọ́n fẹ́ sin ènìyàn olóríire bí a ti ń sin adìyẹ elẹ́yin púpọ̀. Nessus, ọ̀kan nínú wọn, ló mú Teela dání lọ sí Ringworld, ayé ńlá kan tó rí bí òrùka tó yí oòrùn rẹ̀ ká, pẹ̀lú Louis Wu tó pé igba ọdún àti ẹ̀dá Kzin kan tó dà bí ẹkùn.

Ọ̀gá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní òun ti ka ìwé náà nígbà tí òun wà ní yunifásítì, àti pé Teela kò jogún nǹkan kan. Bí a bá ta tẹ́tẹ́ fún ènìyàn tó pọ̀ tó, dandan ni kí ẹnì kan máa jẹ ẹ́ láìjákulẹ̀. Ọmọ náà ní irọ́ ni, nítorí pé ìtàn náà fúnra rẹ̀ fi hàn pé oríire rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. N kò tíì ka ìlà kan nínú ìwé náà, èmi náà sì ti ń dáhùn! Nígbà tí a fi parí, a ti fìdí kalẹ̀ sórí páálí ìwé. Ọ̀gá náà ní òun yóò bi ẹni tó ni ilé ìtàwé léèrè, ó sì ní kí n máa mú ìwé kìíní lọ ná.

Iṣẹ́ tíṣà bàọ́lọ́jì ni mò ń ṣe, nítorí náà n kò lè fi ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí ọmọ méjìlélọ́gọ́ta tó wà ní kíláàsì mi dìde, mo fi ẹfun pamọ́ sí ọwọ́ kan lẹ́yìn mi, mo ní kí wọ́n na ọwọ́ tí wọ́n rò pé ó wà. Ẹni tó bá ṣì í á jókòó. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀marùn-ún, àwọn méjì ló kù lórí ìdúró. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ fún. Mo bi wọ́n bóyá ọmọ tí yóò bí lọ́jọ́ iwájú á lè mọ ọwọ́ tí ẹfun wà. Gbogbo wọn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" Mo ṣàlàyé fún wọn títí aago fi lù, ọmọ náà ṣì ń rìn káàkiri ọgbà ilé ìwé bí ọmọ ọba.

Òtítọ́ ni ọ̀gá náà sọ, bí a bá ń sọ ti ayé tí a wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ayé Niven kọ́ ni a wà, mo sì jẹ́wọ́ pé ó fi ọgbọ́n kọ ọ́. Ibi tí ó ti mú mi jù lọ ni ibi tí Nessus ti ń wá àwọn olóríire mìíràn kó tó mú Teela: bí ó bá pè wọ́n, ìpè á ṣìnà, gbogbo ọ̀nà tó bá gbà, kò ní bá wọn. Àwọn tí oríire wọn pọ̀ jù ni a kò rí pè sí ìrìn àjò eléwu. Teela nìkan ni ìpè bá. Ṣé òun ni oríire rẹ̀ kéré jù nínú wọn ni, àbí oríire rẹ̀ ló fẹ́ kó lọ? Mo rántí ìwé àjákọ tí wọ́n fi báírò pupa kọ, mo sì rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn mi ní aago kan òru.

Louis ní tirẹ̀ gbà gbọ́ nígbẹ̀yìn pé nítorí Teela ni ọkọ̀ wọn fi já lulẹ̀ sórí Ringworld, kí ó lè pàdé ọkùnrin alárìnkiri kan tí yóò fẹ́, tí yóò sì bá dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn lórí ìwé yìí sábà máa ń sọ pé kò yan nǹkan kan láyé rẹ̀, oríire rẹ̀ ló ń darí rẹ̀ kiri bí ewúrẹ́ tí a so lókùn. N kò gbà. Nínú ẹsẹ Ifá tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, Oríṣeékú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ jọ ń lọ sílé Àjàlá láti yan orí. Afùwàpẹ́ ló yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti dífá fún un tí ó sì rúbọ, ẹbọ náà ló sì ṣí ọ̀nà fún un tí ó fi rí ẹni tó ràn án lọ́wọ́ láti mọ orí rere. Afùwàpẹ́ jàǹfààní ẹbọ tó ti ilé bàbá rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò jogún orí. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Lójú mi, Teela náà fọwọ́ ara rẹ̀ yan ọkùnrin yẹn, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tó yàn láyé rẹ̀. Louis ni kò lè gbà á, nítorí pé òun náà fẹ́ràn rẹ̀.

Mo gbé àlàyé yìí lọ bá ọ̀gá náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní kì í ṣe oríire bàbá mi ni mo jogún, owó sísan wọn ni mo jogún, mo sì ti san án. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ẹni tó ni ilé ìtàwé ti ní kí wọ́n kó ìwé náà fún mi láti ọjọ́ Túsìdeè, òun kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí n ó sọ ni. N kò mọ̀ bóyá kí n bínú tàbí kí n rẹ́rìn-ín.

Ìbínú mi gidi dé lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọmọkùnrin yẹn ti ń fi ìwé ìròyìn wé ìwé kejì, ó ní, "Ẹ ó sunkún o, àǹtí, nígbà tí wọ́n bá pa Teela." Báyìí ni ó ṣe bà á jẹ́ fún mi. Mo sì sunkún náà, ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ níbẹ̀. Ní 1971, níbi àpéjọ àgbáyé àwọn olólùfẹ́ irú ìtàn yìí ní Boston, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nítòsí ibẹ̀, ń pariwo kiri pé Ringworld kò lè dúró déédéé yí oòrùn rẹ̀ ká, Niven sì fi ìwé kejì dá wọn lóhùn. Nínú rẹ̀ ni Teela ti di Aláàbò, ẹ̀dá egungun líle tí ọpọlọ rẹ̀ mú débi pé kí ó tó ronú ni ó ti rí ìdáhùn, tí kò fi sí àyè fún un láti yan ohunkóhun mọ́. Láti gba ayé òrùka náà là, a ní láti fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùgbé rẹ̀ rúbọ; ara Aláàbò kò sì lè gba irú ìpakúpa bẹ́ẹ̀. Ó wá fi ìjà fa Louis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi pa á, kí wọ́n lè ṣe ohun tí òun kò lè ṣe. Ọmọkùnrin kántà ní ìyẹn gan-an ni oríire ìkẹyìn rẹ̀: ó nílò ẹni tí yóò dá òun dúró, ẹni náà sì dé. N kò tíì rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kó yan nǹkan kan lálàáfíà, ọdún díẹ̀ tó fi ṣe ìyàwó ilé òkèèrè ni òǹkọ̀wé fi sí àárín ìwé méjì, níbi tí a kò ti lè rí i.

Ìwé kẹta, ti 1996, sú mi. Orí fìríìjì ni ó wà. Ti 2004 sàn jù ú lọ. Gọ́ọ̀mù ìwé kìíní ti gbẹ, ewé mẹ́ta sì ti já bọ́ kí n tó kà á dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún mi.

Nítorí ìwé tó já, ìpè mọ́kànlá tó ṣìnà, ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dá mi dúró lásán, àti ẹnu ọmọkùnrin yẹn tí kò ní ìdérí, 2 nínú 5 ni mo fún wọn. Mo san owó ọdún tó ń bọ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá náà fẹ́ fún mi ní káàdì tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, mo gbà kí wọ́n kọ orúkọ mi sí i, ṣùgbọ́n mo ní nọ́ńbà bàbá mi ni kí wọ́n fi sínú garawa.