Ẹ̀dà àwòrán Gloucester ti Fitz Henry Lane: ó dára lára ògiri, àmọ́ kò ti orí òkúta wá

Àwòrán ìlú Gloucester, ní Massachusetts, tí Lane, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, yà lọ́dún 1836 ni wọ́n tún tẹ̀, tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. «Lítógíráfù», ìyẹn àwòrán tí wọ́n yà sórí òkúta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i. Ẹjọ́ tí mo ní bá wọn nìyẹn.

Ẹ gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10 lé ojú ọ̀run inú ẹ̀dà yìí. Àmì kéékèèké lẹ ó rí, tó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ àgbàdo lára ṣúùkù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní ló ń tò ó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ orí òkúta kì í tò: kóró dúdú rẹ̀ á ṣù níbì kan, á fọ́n ká níbòmíràn, bí ìgbà tí wọ́n fi èédú ra ògiri tí kò dán.

Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe lítógíráfù gidi. Wọ́n á fi iyanrìn àti omi lọ ojú rẹ̀ títí yóò fi rí háráhárá, ayàwòrán á wá fi kíréyọ́nù ọlọ́ràá yàwòrán sí i. Gọ́ọ̀mù àrábíìkì, ìyẹn oje igi kan, tí wọ́n po ásíìdì díẹ̀ mọ́ ló kàn, lẹ́yìn náà omi. Ibi tó lọ́ràá kò ní gba omi, yíǹkì ló máa gbà. Bí ásíìdì bá le jù, ojú ọ̀run tó fẹ́lẹ́ á jẹ dànù. Bí kò bá tó, àwòrán á dúdú kirikiri. Ìka lásán tó bá kan òkúta, àmì rẹ̀ á jáde lórí bébà. Ọ̀tún òkúta sì ni òsì bébà, nítorí náà bí ẹni ń wo dígí ni Lane ṣe ní láti ya ìlú tí wọ́n bí i sí lọ́dún 1804.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Ọdún 1832 ló lọ kọ́ṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé Pendleton ní Boston. Òun àti John W. A. Scott sì jọ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1845. Àwòrán ọlọ́dà, ọkọ̀ ojú omi àti ìmọ́lẹ̀ lórí òkun, ló sọ ọ́ di olókìkí, àmọ́ lójú tèmi, òkúta ló kọ́ ọ bí ìlà ṣe ń mú ṣáṣá. Ó kú ní Gloucester lóṣù Kẹjọ 1865.

Bí ẹ bá rí «Fitz Hugh Lane» nínú àlàyé ọjà, ìwé àtijọ́ ni wọ́n dà á kọ. Ọdún 2005 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé Fitz Henry ló ń jẹ́.

Ìlà ilé àti òpó ọkọ̀ jáde dáadáa nínú ẹ̀dà yìí. Ojú ọ̀run ló bàjẹ́: ó pọ́n jù, kò sì ní ìjìnlẹ̀. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí bébà kan dígí férémù. Ẹ fi páálí tí kò ní ásíìdì sáàárín, nítorí ọ̀rinrin á fi àbàwọ́n rúsúrúsú sí i. Oòrùn ò sì gbọdọ̀ kọjú sí i.

Bí iye rẹ̀ bá jẹ́ ti pósítà, ẹ rà á. Bí wọ́n bá ń díyelé e bí ohun àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ojú ọ̀run rẹ̀ látinú awò yẹn ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Ilé Cape Ann Museum, ní Gloucester fúnra rẹ̀, ló ní iṣẹ́ Lane jù lọ. Ẹ lè fi tinú àkójọ wọn wé e.