Gbàgede Piazza Navona àbí gbàgede Pétérù Mímọ́: èwo lẹ máa wò ní Róòmù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bèèrè, tí wọ́n bá ní wákàtí méjì péré. Ti owó kọ́ o, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, Bernini kan náà, agbẹ́kùúta tó tún ń ya àwòrán ilé, ló sì ṣiṣẹ́ sí méjèèjì.

Tó bá jẹ́ ère, Navona ni. Ìsun omi Odò Mẹ́rin tí wọ́n parí ní 1651 wà láàárín ẹ̀, ẹ lè sún mọ́ ọn débi tẹ́ẹ máa rí iṣan ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin olókùúta mẹ́rin tó dúró fún àwọn odò náà, èyí tó dúró fún odò Náílì da aṣọ borí torí wọn ò tíì mọ orísun odò náà nígbà yẹn, èyí wú mi lórí gan-an. Oúnjẹ ibẹ̀ ló wọ́n.

Ní ti Pétérù Mímọ́, òpó 284, ère ẹni mímọ́ 140 lórí wọn, àmọ́ wọ́n ga jù, ojú ò ká wọn. Ẹ wá òkúta róbótó kan tí wọ́n tẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹ dúró lé e, ìlà òpó mẹ́rin á di ẹyọ kan lójú yín! Òòrùn àti èrò ni ìṣòro, pàápàá lọ́jọ́rú tí Póòpù bá ń kí èèyàn.

Tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ ráyè, tàbí ẹ mú ọmọ dání, Navona. Tẹ́ẹ bá fẹ́ràn ilé kíkọ́, tẹ́ẹ sì lè tètè jí, Pétérù Mímọ́.