Gíláàsì ilẹ̀kùn tuntun fún Ìjàpá: ẹ mọ irú èyí tí ẹ ní kí ẹ tó sanwó

Gíláàsì ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n ń tà fún Volkswagen Ìjàpá, èyí tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ rọ́bà nínú páálí kan, yẹ ní rírà. Gíláàsì inú rẹ̀ mọ́ kedere, etí rẹ̀ sì dán dáadáa. Rọ́bà onírun tó bá a wá, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí ojú ọ̀nà tí gíláàsì ń gbà lọ sókè sódò, ni kò tó nǹkan, a ó débẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń mú kí owó ṣègbé jù lọ ni ìwọ̀n.

Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára páálí pé ó bá Ìjàpá 1965 sókè mu. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ti Jámánì. Ní mọ́dẹ́ẹ̀lì 1965 ni wọ́n fẹ fèrèsé rẹ̀ lójú níbẹ̀, tí wọ́n sì dín òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù. Brazil kò bá wọn yí i padà. Ara àtijọ́ tí fèrèsé rẹ̀ kéré, tí òpó rẹ̀ nípọn, ni wọ́n ń lò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Láti Brazil gan-an sì ni ẹ̀yà ara Ìjàpá tí wọ́n ń tò ní ilé iṣẹ́ Volkswagen l'Ékòó ti ń wá, láti 1975 títí dé 1987. Ìjàpá 1978 tí wọ́n tò l'Ékòó kò lè gba gíláàsì Jámánì 1978 láéláé. Gíláàsì Fusca ni kí ẹ béèrè, nítorí orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Brazil nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ Jámánì ti 1965 sókè ni tiyín, èyí tí wọ́n kọ 1965 sókè sí ni kí ẹ mú.

Ẹni tó bá fi ọdún inú ìwé ọkọ̀ nìkan ra gíláàsì, àfi kó dá a padà. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná sọ di líle, irú ti ilẹ̀kùn yìí, kò ṣe é gé, kò ṣe é lu ihò sí, etí rẹ̀ kò sì ṣe é rin. Bí ẹ bá ṣèèṣì ha etí rẹ̀ báyìí, odindi rẹ̀ lè fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ yọ gíláàsì ilẹ̀kùn kejì, ẹ fi ya páálí, kí ẹ gé páálí náà, kí ẹ sì gbé e dání lọ sí ọjà. Níwọ̀n ìgbà tí gíláàsì náà tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sì ní ihò, páálí kan yìí á sin ọ̀tún àti òsì: ẹ kàn máa dojú rẹ̀ dé ni.

Ẹ wo igun gíláàsì náà pẹ̀lú. Ó yẹ kí ẹ rí 43R, ìyẹn òfin àjọ UN lórí gíláàsì ọkọ̀, àti E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i. E1 ni Jámánì. AS2 ni ti Amẹ́ríkà. Tí kò bá sí àmì kankan lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn kan á sọ pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn gé gíláàsì fún yín. Gíláàsì alápapọ̀, oníwé méjì tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ pọ̀, ṣe é gé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ mílímítà 6.38. Ó ti nípọn jù fún ojú ọ̀nà Ìjàpá: á há, wáíńdà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì sókè sódò, á sì máa jìyà rẹ̀ lójoojúmọ́. Gíláàsì fèrèsé ilé ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é rárá. Tó bá fọ́, gígùn bí ọ̀bẹ ló ń fọ́, ẹ̀gbẹ́ ọrùn awakọ̀ ló sì wà.

Iṣẹ́ fífi sí i kò le, sùúrù ló gbà. Ẹ yọ ọwọ́ wáíńdà: òmíràn ní ìṣó tó dè é, òmíràn ní síkúrù lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Ẹ yọ pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì rọra ṣí ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀ láìfà á ya. Ẹ yí gíláàsì sísàlẹ̀, ẹ ó rí nọ́ọ̀tì méjì tó so irin ìsàlẹ̀ gíláàsì mọ́ wáíńdà. Kí ẹ tó gbá irin yẹn kúrò lára gíláàsì àtijọ́, ẹ wọn ibi tó wà: láti etí iwájú gíláàsì dé orí irin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fo èyí. Tí irin bá fi díẹ̀ yẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan gíláàsì ni yóò máa gòkè ṣáájú, á dagun, á sì há sójú ọ̀nà. Tí gíláàsì bá ti fọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lára ilẹ̀kùn kejì.

Ẹ ha ìpẹtà inú irin náà dànù, ẹ kùn ún lọ́dà, kó gbẹ. Rọ́bà tuntun ni kí ẹ fi wé etí ìsàlẹ̀ gíláàsì, níbi tí irin náà yóò ti dì í mú. Ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹ sì fi òòlù rọ́bà máa lu irin náà wọlé díẹ̀díẹ̀ láti àárín. Ẹ má lu apá igun. Igun gíláàsì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà.

Èyí tó bá fọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ fa gbogbo àfọ́kù rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti nínú ojú ọ̀nà. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀ á fa ìlà gígùn sára gíláàsì tuntun ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá yí i.

Ó wá kan rọ́bà onírun inú páálí náà. Ẹ fi èékánná ha irun rẹ̀: tó bá ṣí bí awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, oòrùn ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó ní irin nínú dúró bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, èyí tí kò ní ń ta padà, á sì máa sá kúrò ní igun òkè. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń bá páálí wá kò ní irin. Ẹ ra ti irin lọ́tọ̀. Àwọn rọ́bà tó ń nu gíláàsì lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣe é lò ní tiwọn.

Ẹ fi gíríìsì sí wáyà wáíńdà kí ẹ tó dá pánẹ́ẹ̀lì padà, kí ẹ sì fi irin tín-ín-rín la àwọn ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, nítorí omi òjò á ṣáà máa wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà. Ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Nọ́ọ̀tì méjì yẹn, ẹ má dì wọ́n pa lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ yí gíláàsì dókè pátápátá, kó fúnra rẹ̀ jókòó sáyè rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dì wọ́n.