Rímù 16, 17 àbí 19: èwo ni kí ẹ rà fún Camry Muscle l'Ékòó?

Ẹni tó bá lọ ra rímù ńlá ní Ládípọ̀, íǹṣì ló máa kọ́kọ́ bèèrè. Kì í ṣe íǹṣì làwọn VIO àti Road Safety ń wò. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ṣé ọkọ̀ náà yẹ ní títì: ṣé táyà ti jẹ tán, ṣé ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá, ṣé ó ń ha fẹ́ńdà. Ní Jámánì, ẹ ò lè dédé kó rímù tí kì í ṣe ti ọkọ̀ yín wọ̀ ọ́. Ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, tàbí kí àwọn aṣàyẹ̀wò ọkọ̀ fọwọ́ sí i. Níbí, ọrùn ẹni tó fẹ́ rà ni iṣẹ́ yẹn wà.

Ẹ jẹ́ ká mú Muscle, ìyẹn Camry 2007 sí 2011.

Rímù 16 tó bá a wá ń wọ táyà 215/60R16. Ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn ga ní 129 mm, ó sì ń gba kòtò mọ́ra. Kò dùn ún wò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ọ̀nà tó bàjẹ́ lójoojúmọ́ kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Rímù 17 tòkunbọ̀ tó jáde lára Camry SE ni mo fara mọ́ jù. Táyà ẹ̀ ni 215/55R17. Gíga táyà náà látòkè délẹ̀ jẹ́ 668 mm, ti 16 jẹ́ 664, nítorí náà spidomítà ò ní parọ́. Ihò nọ́ọ̀tì àti ihò àárín bá ọkọ̀ mu láìsí wàhálà kan. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá ó ti tẹ̀ tàbí ó ti sán. Táyà tòkunbọ̀ tó bá wà lára ẹ̀, ẹ bọ́ ọ dànù: ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọ̀lú ni.

Rímù 19 ló nílò ojú tó mú. Pẹ̀lú 235/40R19, gíga táyà jẹ́ 671 mm, ìyẹn dára. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ti di 94 mm, kòtò kan ṣoṣo lè tẹ rímù. Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù lára táyà pẹ̀lú: táyà 17 ti Toyota jẹ́ 93, ìyẹn 650 kg, tí ẹ bá rí 92, 630 kg ló lè gbé, ẹ má rà á. Tí wọ́n bá wá fún yín ní 245/45R19 torí pé òun ló wà nílẹ̀, ẹ sá fún un. Ó ga tó 703 mm. Ó lè máa ha fẹ́ńdà, nígbà tí spidomítà bá sì kọ 100, ẹ ti ń sá tó 106.

Ihò àárín Camry yìí jẹ́ 60.1 mm. Rímù ọjà, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ti Toyota, sábà máa ń ní 73.1, kó lè bá ọkọ̀ púpọ̀ mu. Òrùka tó ń dí àlàfo yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárì lè máa gbọ̀n lórí Third Mainland. Nọ́ọ̀tì náà ń kó bá èèyàn: ti àlọ́ì Toyota ní ọrùn gígùn àti wáṣà pẹlẹbẹ, ti rímù ọjà sábà máa ń rí ṣóńṣó. Ẹ má fi nọ́ọ̀tì ọ̀kan de rímù èkejì, torí ó lè máa tú lórí eré.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú kóòdù DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, ọdún mẹ́rin sì ni Road Safety fún táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ìnṣọ́ránsì third party, tó di 15,000 náírà láti January 2023, kò ní san owó rímù yín tó fọ́. Ẹni tó ní comprehensive ni kó sọ fún wọn pé òun ti pààrọ̀ rímù, kí wọ́n má baà rí àwáwí lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbowó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ dè é mọ́ ọkọ̀, kí èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún lósì. Tí ẹ bá gbọ́ pé ó ń ha, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.