Àyẹ̀wò WhatsApp fún àwa tí a ń lò ó ní Àbújá: ààbò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tàn án fún wa

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Àbújá àti àyíká rẹ̀, láti Kubwa dé Lugbe, láti Nyanya títí dé Mararaba, ó ṣòro kí a tó rí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ àsáláátù, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tàbí àwọn alájọ tí kò ní grúùpù lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn òkú láti ilé, ibẹ̀ ni a ti ń dá owó aṣọ ẹbí, ibẹ̀ náà sì ni akápò ti ń kéde ẹni tí àjọ kàn. Nítorí náà, ó tọ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ ọjà tí a fowó rà wò, nítorí bí wọn kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa kí a tó fi í sórí fóònù, dátà tí a ń rà àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ń kó síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ìdájọ́ mi ni pé áàpù náà mọ iṣẹ́ tí a rán an, ó sì ń jẹ́ ẹ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ààbò tí ó yẹ kí wọ́n ti tàn láti ọjọ́ tí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n tò sí abẹ́ Settings, tí wọ́n sì fi oníbàárà sílẹ̀ kí ó wá wọn rí fúnra rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára. Jan Koum àti Brian Acton ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2009, Facebook tí ó ń jẹ́ Meta lónìí sì rà á ní ọdún 2014. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀, ìpè àti àwòrán tí àwa ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wa pa láti fóònù ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ dé fóònù ẹni tí ó gbà á, tí ó fi jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò lè kà á lójú ọ̀nà. Ó sì mọ bí a ti ń fara da nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí kò lágbára: ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà Lokoja, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wá tí ó sì ń lọ, lè sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà dúró, kí ó sì lọ fúnra rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá dé. Ọ̀rọ̀ tí a ń fi ohùn sọ ránṣẹ́ yìí ni mo mọ rírì rẹ̀ jù, nítorí òun ni ó jẹ́ kí àwọn ìyá wa tí wọn kì í fẹ́ tẹ nǹkan lórí fóònù lè máa kì wá, kí wọ́n sì máa wúre fún wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà.

Nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, àmì tí ó wà lára ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí pé ó ń sọ ibi tí ìṣòro wà. Bí a bá rí àmì aago kékeré, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lórí fóònù wa. Bí a bá rí gúùdù ẹyọ kan, ó ti dé ọ̀dọ̀ WhatsApp, ṣùgbọ́n kò tíì dé orí fóònù ẹni tí a kọ ọ́ sí. Gúùdù méjì ń fi hàn pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n bá ara wọn jà nítorí gúùdù ẹyọ kan, tí ọ̀kan rò pé èkejì ti dínà mọ́ òun, nígbà tí ó jẹ́ pé iná kò sí ní àdúgbò ẹni náà láti àná, tí fóònù rẹ̀ sì ti kú. Bí àmì aago kò bá kúrò, tí dátà sì wà, kí a wo ọjọ́ àti àkókò tí ó wà lórí fóònù, nítorí pé áàpù náà kì í gbà láti ṣiṣẹ́ bí ọjọ́ ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti òní. Kí a sì wo ààyè tí ó kù, nítorí fídíò ìkíni àárọ̀ tí ń rọ́ wọlé láti inú grúùpù máa ń kún fóònù fọ́fọ́ láìpẹ́. Nínú Settings, lábẹ́ Storage and data, a lè ní kí fídíò má ṣe máa wọlé fúnra rẹ̀ mọ́, ọwọ́ tí dátà wa fi ń tán yóò sì dẹ̀. Ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni kí ọ̀rọ̀ má wọlé àfi ìgbà tí a bá ṣí áàpù náà. Fóònù Android wa ni ó sábà máa ń fà á, nítorí pé ó ń pa áàpù tí a kò lò lójú ẹsẹ̀ kí bátìrì má baà tètè tán. Kí a lọ sí apá bátìrì nínú Settings fóònù náà, kí a sì yọ WhatsApp kúrò lára àwọn tí ó ń pa.

Ohun tí kò yẹ kí a tètè ṣe ni kí a yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù kí a tún fi í sí i, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń gbani nímọ̀ràn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram kú káàkiri ayé fún bíi wákàtí mẹ́fà, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ náà gan-an ni àṣìṣe náà sì ti wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ìjọba ti ní kí wọ́n pa nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ní ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun kọjá já ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, nǹkan sì lọ́ra lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá yọ áàpù rẹ̀ kúrò kò tún nǹkan kan ṣe. Bí kò bá sì ti ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí Google Drive, ó lè pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹ̀dà orí Google Drive kò sí lábẹ́ títì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àfi bí a bá tan ààbò tirẹ̀, tí wọ́n mú wá ní ọdún 2021, fúnra wa.

Ní báyìí, ó ku ọ̀rọ̀ àwọn gbájúẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ká mi lára. Láti bẹ̀rẹ̀ sí í gba WhatsApp ẹni, olè kò nílò ju nọ́ńbà fóònù wa lọ. Yóò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tirẹ̀, ilé iṣẹ́ náà yóò sì fi nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́fà ránṣẹ́ sórí láìnì wa. Nọ́ńbà mẹ́fà yìí ni kọ́kọ́rọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀, ẹni tí wọ́n ti gba tirẹ̀ ṣáájú: “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà mẹ́fà kan tí mo fẹ́ fi wọ ìpàdé ló ṣèèṣì bọ́ sórí fóònù yín, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kíákíá.” Bí a bá ti fi í ránṣẹ́ báyìí, WhatsApp tiwa yóò tì wá síta. Àwọn mìíràn a máa pè, wọn a pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ báǹkì tàbí ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, wọn a sì ní kí a tẹ kóòdù kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú **21* tàbí **67*. Kóòdù yẹn ń darí ìpè wa sórí láìnì tiwọn, kí wọ́n lè ní kí WhatsApp pè láti ka nọ́ńbà mẹ́fà náà, kí àwọn sì gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ ##002# láti fagi lé gbogbo rẹ̀.

Nínú grúùpù àjọ kan ní apá Nyanya, wọ́n gba ti akápò lọ́nà yìí, olè náà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn máa san owó oṣù sínú àkáǹtì tuntun. Ọ̀pọ̀ kò fura, àwọn kan sì ti sanwó. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ni ó ṣàkíyèsí pé akápò tí kì í sọ̀rọ̀ owó láìkọ́kọ́ kí àwọn àgbà, tí kì í sì í gbàgbé àtibéèrè ọmọ, ti kọ̀wé bí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó pè é lórí láìnì lásán, ó sì bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ó ń ronú ìdí tí WhatsApp òun kò fi ṣí mọ́. Ìpè kan ṣoṣo yìí ni ó dá gbogbo rẹ̀ dúró, mo sì rò pé ó yẹ kí ó di òfin nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa pé a kò ní san owó sínú àkáǹtì tuntun láìjẹ́ pé a gbọ́ ohùn akápò.

Ààbò tí ìbá ti dènà èyí ti wà láti ọdún 2017: nínú Settings, lábẹ́ Account, ni Two-step verification wà, níbi tí a ó ti yan PIN ẹlẹ́yọ mẹ́fà tiwa, kí a sì fi ímeèlì sí i nítorí ìgbà tí a bá gbàgbé. Pẹ̀lú PIN yìí, bí olè bá tilẹ̀ gba nọ́ńbà mẹ́fà náà, kò lè wọlé lójú ẹsẹ̀. Bí a kò bá sì ní i, olè ni yóò fi tirẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn kí ó yára fi nọ́ńbà rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní kété tí ó bá tẹ nọ́ńbà tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, olè náà ti jáde, bí PIN tí olè fi sí i bá tilẹ̀ mú kí ẹni tí ó ni nọ́ńbà náà dúró fún ọjọ́ méje kí ó tó wọlé. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí wọn kò fi sọ PIN di dandan fún ẹni tí ó ń forúkọ sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí káfíńtà ṣe ilẹ̀kùn tí ó lágbára, tí ó wá gbé ìdábùú rẹ̀ sínú àjà.

Àléébù kejì wà ní àwọn ilé ìtẹ̀wé kéékèèké tí ó kún Wuse àti Garki. Bí a bá fẹ́ tẹ ìwé jáde, a máa ń so WhatsApp wa mọ́ kọ̀ǹpútà ibẹ̀, a ó gba ìwé wa, a ó sì lọ, láìjáde kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó lẹ́yìn wa lè máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Kí a máa lọ sí Linked devices lóòrèkóòrè, kí a sì yọ èyí tí a kò bá mọ̀ kúrò. Ní ti GB WhatsApp tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn, ayédèrú WhatsApp tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ yìí, wọ́n sì lè ti àkáǹtì ẹni tí ó bá ń lò ó pa. Kí a fi í sílẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò sí nọ́ńbà tí a lè pè, inú áàpù náà tàbí ímeèlì ni a ó ti ráhùn. Èyí kò dára tó fún ilé iṣẹ́ tí ó ní oníbàárà tó báyìí ní Nàìjíríà. Àjọ FCCPC, tí ó ń gbèjà àwọn oníbàárà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ní oṣù Keje ọdún 2024 nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ìsọfúnni àwọn tí ó ń lo WhatsApp ní Nàìjíríà, inú mi sì dùn pé ẹnì kan bi wọ́n léèrè.

Ní ti àwọn tí ó ń bá a díje, Telegram gba èrò púpọ̀ nínú grúùpù kan ṣoṣo, ó sì rọrùn láti gbé láti fóònù dé fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán tí a bá kọ síbẹ̀ kò sí lábẹ́ títì tí mo ń wí, àfi èyí tí a bá kọ sínú Secret Chat. Signal ni ààbò rẹ̀ dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àjọ tí kì í wá èrè ni ó sì ni ín. Àmọ́ àwọn àgbà wa kò sí níbẹ̀, a kò sì lè kó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ síbi tí àwọn àgbà kò sí. Fún alága, akọ̀wé àti akápò tí wọ́n ń jíròrò owó, Signal ni mo fọwọ́ sí. Fún ìyókù ẹgbẹ́, kí a máa lo WhatsApp lọ, bí olúkúlùkù bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i.