M24 ni kẹ́ ẹ gbé, ẹ fi AWM sílẹ̀: àyẹ̀wò àwọn ìbọn sniper inú PUBG Mobile

Bí ẹ bá gba Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lálẹ́, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ti tẹ orí ba fóònù, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ àríyànjiyàn yìí: ìbọn sniper (ìbọn tí wọ́n fi ń yin ọ̀tá láti ọ̀nà jíjìn) wo ló dáa jù nínú PUBG Mobile, gẹ́ẹ̀mù ogun orí fóònù? Àwọn tí ohùn wọn ń ròkè jù á ní AWM ni. A ò bá wọn lọ. M24 ni.

AWM lágbára, kò sírọ́ níbẹ̀. Bí ọta ẹ̀ kan bá ba orí, ẹni tó dé àṣíborí ipele 3 pàápàá á ṣubú, Kar98k àti M24 ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣíborí ipele 3 ń dín agbára ọta kù ní ìdá 55 nínú 100, ti ipele 2 ń dín in kù ní 40, ti ipele 1 ní 30. Wàhálà AWM ni pé inú àpótí tí ọkọ̀ òfuurufú ń jù sílẹ̀ ló ń bá wá, ọta .300 tó ń lò kì í sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé, 20 péré ló sì máa ń bá a wá. Kẹ́ ẹ tó rí i, ẹ gbọ́dọ̀ sáré lọ síbi èéfín pupa yẹn, níbi tí gbogbo ẹni tó wà lórí òkè ti fojú sùn. Tí ẹ bá yin ọta mẹ́jọ, mẹ́sàn-án dànù lórí ẹni tó ń sáré, ẹrù irin lẹ kàn ń gbé kiri.

Kar98k ni tiwa-n-tiwa. Ìbọn Jámánì ọdún 1935 ni wọ́n ṣe é jọ, ó pọ̀ nílẹ̀, ọta 7.62 ló ń jẹ, márùn-ún ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. (Mosin-Nagant náà nìyẹn, orúkọ àti ìrísí nìkan ló yàtọ̀.) Ó ń pa ẹni tó dé àṣíborí ipele 2 bí ọta kan bá ba orí. Ibi tó ti ń dá ni lóró ni ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rọ ọta sí i. Ká ní ẹ ti yin ọta méjì, ó ku mẹ́ta, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìrọ̀ta: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa ti ọta bọ ibẹ̀. Àyàfi tí ìbọn bá gbẹ pátápátá ló tó ń ki márààrún bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò kì í fi rọta nígbà tí ọ̀tá bá ń já bọ̀. Ìbọn kejì ló máa fà yọ. Bí ẹ bá rí àpò ọta tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ìbọn, ẹ so ó mọ́ ọn, á mú ìrọ̀ta yá díẹ̀.

M24 ò ní ìyẹn. Magasíìnì (ilé ọta) lódindi ló ń pààrọ̀, ọta ibẹ̀ ì báà ṣẹ́ kù tàbí kó má ṣẹ́ kù, bẹ́ ẹ bá sì fi magasíìnì gígùn sí i, ọta márùn-ún á di méje. Ọta méjì yẹn ṣe pàtàkì ju ẹnu lọ: ẹ̀wù ayẹta ipele 2 kì í jẹ́ kí ọta kan ní àyà pa ènìyàn, ọta méjì lẹ máa ná lórí ẹni kan. Márùn-ún tó ẹni méjì pẹ̀lú àṣìṣe kan. Méje tó ẹni mẹ́ta, ó tún ku ọ̀kan.

Àwọn kan máa ń pariwo pé ọta M24 yára ju ti Kar98k lọ. Òótọ́ ni: mítà 790 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí mítà 760. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó. Ní mítà 300, ìyàtọ̀ méjèèjì ò tó ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó ń sáré bíi mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ò ní tíì sún ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Torí náà, magasíìnì la fi yan M24, kì í ṣe eré ọta.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni bẹ́ ẹ ṣe máa fi ìbọn síwájú ẹran. Ní mítà 300 yẹn, ọta M24 á lò tó ìdá méjì nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá lójú ọ̀nà, ẹni tó ń sáré kọjá níwájú yín á sì ti sún ju mítà 2 lọ. Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fojú sun iwájú ẹ̀ ju gígùn ẹnì kan tó dùbúlẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ tún gbé e sókè díẹ̀, torí ọta ń wálẹ̀. Ọdẹ tó ti lépa òkété rí ò nílò àlàyé yìí. Ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó la sì wà. Ìtàn sọ pé ọfà ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá fi mú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ̀ balẹ̀ kó tó gé orí ẹ̀.

Ní ti awò, 6x (tó ń sún nǹkan mọ́ni nígbà mẹ́fà) ni ká mú. Ẹ lè fà á wálẹ̀ dé 3x nígbà tẹ́ ẹ bá wà láàárín ilé, kẹ́ ẹ tún fà á gòkè lórí òkè. 8x ń wálẹ̀ dé 4x péré, àti pé lórí fóònù tí ò yá, gbogbo ìwárìrì àtàǹpàkò ló máa hàn nínú ẹ̀. Ní ẹnu ìbọn, sáílẹ́ńsà ni, kó má baà jẹ́ pé iná àti ariwo ló máa tú yín fó. Ẹ má fi kọ́ḿpẹ́ńsétọ̀ (tó ń dín ìtasẹ́yìn ìbọn kù) ṣòfò lórí ìbọn tó ń kọ́ọ̀kì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fa irin ẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìṣẹ́jú-àáyá 2 láàárín ọta kan sí èkejì, ìbọn á ti padà sípò fúnra ẹ̀.

Ẹni tí kò tíì lè fara da kọ́ọ̀kì, kó gbé Mini14 tí kì í kọ́ọ̀kì. Mítà 990 ni ọta ẹ̀ ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ju ti AWM pàápàá lọ, ọta 20 ló wà nínú ẹ̀, 5.56 sì wà káàkiri. SLR máa ń ta sẹ́yìn jù. VSS, ẹ fi sílẹ̀: mítà 330 ni ọta ẹ̀ ń sá, ẹ ò sì lè yọ awò rẹ̀.

Nínú ètò gẹ́ẹ̀mù, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan Tap tàbí Release fún ìbọn tó ń kọ́ọ̀kì. Release ni kẹ́ ẹ yàn: ẹ di bọ́tìnnì mú, ẹ fojú sùn, ẹ tú u sílẹ̀ kó yìn. Ẹ tan Peek and Fire, kó lè jẹ́ orí nìkan ló máa yọ lẹ́yìn igi. Gyroscope (yíyí fóònù fúnra ẹ̀ láti fojú sùn) dáa púpọ̀ fún àtúnṣe kékeré, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó máa bú ara yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá fóònù yín tiẹ̀ ní in. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ò ní. Ẹ fi àwòrán sí Smooth, kẹ́ ẹ gbé frame rate (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) dé ibi tó bá lè dé. Ẹ má sì ta á nígbà tí fóònù wà lẹ́nu ṣájà nínú yàrá tó móoru, á gbóná, àwòrán á máa já, orí tẹ́ ẹ fojú sùn á ti fò kúrò níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá yìn ín, tẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ tó tú yàà, síbẹ̀ tí ọ̀tá ò fara pa, ẹ wo nọ́ńbà ms ojú fóònù (bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń pẹ́ tó) kẹ́ ẹ tó dá ìbọn lẹ́bi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.